ÀWỌN NI WỌ́N KỌ́KỌ́ LÉ WA

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọ̀rọ̀ Gánà bá ti bẹ́ sílẹ̀ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ì báà jẹ́ lórí bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ju gbólóhùn kan sílẹ̀: "Ṣebí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lé wa." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn tán nìyẹn. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ìtàn náà kò ju báyìí lọ: wọ́n lé wa ní 1969, àwa náà lé wọn ní 1983, ọ̀mì ni, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Àpò onílà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo wa, tí à ń pè ní Ghana-must-go, wá dà bí ife ẹ̀yẹ tá a gbà bọ̀ láti ibi ìdíje yẹn.

Òótọ́ ni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lé wa. Àmọ́ pé torí ìyẹn la ṣe lé tiwọn, irọ́ ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ká tó dé ibi ìjà, ẹ jẹ́ ká dé ibi ọ̀rẹ́ ná. Láyé àtijọ́, "Alata" ni àwọn ará Gánà ń pe àwọn èèyàn wa. Àwọn kan ní aláta ni, ìyẹn ẹni tó ń ta ata. Àwọn mìíràn ní orúkọ ìlú Allada tó wà ní Dàhómì ló yí padà di bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa fi wẹ̀ wá, "alata samina" ni wọ́n ń pè é ní èdè Akan títí di òní, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń wẹ̀.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, owó kan náà là ń ná, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan náà la ní. Nnamdi Azikiwe ti Amẹ́ríkà dé ní àárín ọdún 1930 sí 1940, Accra ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀ torí ohun tí ìwé ìròyìn náà gbé jáde. Kwame Nkrumah, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, wà lára àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ Azikiwe, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ọkùnrin náà wà lára àwọn tó ta òun jí. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957, bí ẹni pé àwa náà ti fẹ́ẹ̀ gbà á ló rí lára àwọn èèyàn wa.

Àmọ́ kì í ṣe àwọn olóṣèlú ló so ìlú méjèèjì pọ̀ jù. Àwọn oníṣòwò ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ni wọ́n ti ń lọ, àwọn àkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn wọ lọ́rì. Bí ọkùnrin kan bá rí jẹ ní Kumasi tàbí Tamale, á ránṣẹ́ wá pe àbúrò rẹ̀, àbúrò á pe ìyàwó, ìyàwó á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Aṣọ ni wọ́n ń tà, abọ́, àlùbọ́sà, ṣúgà, bátìrì, gbogbo wíńtínwíntín tí ilé kì í lè ṣaláìní. Àwọn kan wà nídìí dáyámọ́ńdì wíwà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní 1960, Yorùbá nìkan tó nǹkan bí 100,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí síbẹ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé alájà méjì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ nílé ìwé.

Kò sí ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó lọ láti Ọ̀fà sí Kumasi ní 1935 kò mọ̀ pé òun kúrò ní ìlú òun bọ́ sí ìlú àjèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí inú ìwé yìí gan-an ni gbogbo wàhálà náà wà.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí ọ̀rẹ́ ti ń dà rú. Ní 1957, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, Nkrumah lé àwọn olórí Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kumasi torí pé ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n ń ṣe, ó sì ní kí wọ́n kó wọn wá sí Kano. Alhaji Othman Larden ni ọ̀kan, Alhaji Amadu Baba ni èkejì. Ilé aṣòfin ṣe òfin tó dárúkọ àwọn méjèèjì ní tààrà, kí ilé ẹjọ́ má bàa rí nǹkan sọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Áfíríkà dé. Nkrumah fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà di orílẹ̀-èdè kan kíákíá. Balewa ní kí wọ́n rọra. Ní 1961, Gánà wà nínú ẹgbẹ́ Casablanca, Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ Monrovia. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀, ara ohun tí ìjọba wí ni pé Gánà ni wọ́n ti lọ kọ́ àwọn kan ní ohun ìjà. Samuel Ikoku sá lọ sọ́hùn-ún, kò sì padà bọ̀ títí ìjọba Nkrumah fi ṣubú ní 1966. Ní oṣù Kìíní 1963, wọ́n yìnbọn pa Sylvanus Olympio, ààrẹ Tógò, ojú Gánà ni ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ ní Èkó sì ń wò nígbà náà.

Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí iná fẹ́ẹ́ jó wa nílé, ilé ta la sá lọ? Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kìíní 1967, Gowon àti Ojukwu jókòó ní Aburi, lórí òkè níwájú Accra, tí Ọ̀gágun Ankrah ti Gánà gbà wọ́n lálejò. Kò sí ibòmíràn tí àwọn méjèèjì lè fọkàn balẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n jọ sọ níbẹ̀ kò fìdí múlẹ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi Gánà kọ́ nìyẹn.

Ogun yẹn là ń jà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ 1969 dé.

Wọ́n dìbò ní Gánà ní oṣù Kẹjọ 1969. Kofi Busia wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni o, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ẹni tó yẹ kó mọ ohun tí à ń pè ní àlejò. Gbèsè tó bá lọ́rùn ìjọba kì í ṣe kékeré, iṣẹ́ ò sí fún àwọn ọ̀dọ́, ọjà sì wọ́n. Bí ará Gánà bá wọ ọjà, ta ló ń rí? Aláta ló ń rí lórí ìjókòó, òun ló ń dárúkọ iye. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, nígbà tí Busia kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ lórí oyè, ìjọba rẹ̀ kéde pé àjèjì èyíkéyìí tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó lo ọgbọ̀n ọdún. Ẹ jẹ́ ká ronú bó ṣe rí fún oníṣòwò kan. Ọjà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́dọ̀ tà á, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ tà á, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dá lé e. Ó ti ta àwìn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní abúlé, ta ló fẹ́ san gbèsè fún ẹni tó ń lọ láìpadà? Ilé tó kọ́ ń kọ́, kò ṣeé gbé sórí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tò sí iwájú ọ́fíìsì láti gba ìwé, ọjọ́ sì ń lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kiri. Àwọn èèyàn wa tó kúrò níbẹ̀ lé ní 100,000, ká má tíì ka àwọn ará Upper Volta, Tógò àti Niger. Wọ́n gba Tógò àti Dàhómì kọjá wọlé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Kumasi tí Twi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, wọ́n délé tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú wọ̀nyẹn wá, ẹ bi bàbá àgbà yín léèrè, kí wọ́n tó lọ tán.

Nàìjíríà ò lè ṣe nǹkan kan. Ogun ń lọ, èèyàn ń kú, ìjọba Gowon kò fẹ́ ọ̀tá mìíràn. Nígbà tí ogun fi máa parí ní oṣù Kìíní 1970, àwọn tí wọ́n lé ti délé tán, wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n á tún ìgbá tẹ́ sí.

Ṣé ó wá ṣe Gánà láǹfààní? Àwọn tó ń roko kòkó fún wọn wà lára àwọn tó lọ, iṣẹ́ oko sì dá sílẹ̀ níbi púpọ̀. Ìjọba tún ṣe òfin ní 1970 pé òwò kéékèèké di ti ọmọ Gánà nìkan, àmọ́ ìgbá tó ṣófo kì í ṣàdédé kún. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1972 ni Acheampong fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Mi ò sọ pé èpè àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni o.

Ayé wá yí. Epo rọ̀bì gbówó lórí, Nàìjíríà ń kọ́ afárá, ó ń kọ́ ilé ìwé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní Gánà, sídì ń rẹ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́, ọṣẹ àti ṣúgà di ohun tí wọ́n ń fi ojú pamọ́ rà. Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Tíṣà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí pé ìwé yé wọn. Bí ẹ bá bi àwọn òbí wa tó wọ girama lẹ́yìn 1975 pé ta ló kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí físíìsì, orúkọ tí ẹ máa gbọ́ á máa jẹ́ Mensah, Boateng, Owusu. Àwọn mìíràn ń ṣe bíríkìlà, àwọn kan ń ran aṣọ, àwọn kan ń tún bàtà ṣe, àwọn obìnrin ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Àti pé òfin wà lẹ́yìn wọn: ní 1975 ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó níbí, ní 1979 sì ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn yìí ló mú wọn wọlé ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn 90 ọjọ́ ni ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, bí ẹnikẹ́ni ò ṣe bi àwọn tiwa ní 1935.

Láàárín ìjọba sí ìjọba, ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Rawlings gba ìjọba ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1979, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọ̀gágun mẹ́ta tó ti jẹ olórí Gánà rí. Ẹ̀rù ba àwọn ológun tiwa, wọn ò fẹ́ kí irú rẹ̀ ran àwọn ọmọ ogun kéékèèké nílé. Ìjọba Ọbásanjọ́ dá epo tó ń lọ sí Gánà dúró. Limann dé, ara rọ díẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn 1981, Rawlings tún dé. Shagari kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, Nàìjíríà sì kọ̀ láti máa tajà epo láwìn fún un mọ́. Nítorí kí ni ará Èkó kan tó ń ran aṣọ ní Mushin ṣe máa mọ̀ sí i? Kò mọ nǹkan kan sí i. Telọ ọmọ Gánà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ò mọ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983 ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo nǹkan. Baba kan ni wọ́n kọ́kọ́ lé wá bá wa ní 1957, Baba kan náà ló wá lé tiwọn. Àti pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni, ìwé yẹn náà ni.

Èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn sọ pé ẹ̀san ni. Ó jọ ọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n lé. Wọ́n fojú bu àwọn tó kúrò sí nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì, ọmọ Gánà sì tó ìdajì nínú wọn. Ìdajì yòókù ńkọ́? Ará Niger ni, ará Chad, ará Cameroon, ará Tógò, ará Benin. Kí ni ará Chad ṣe fún wa ní 1969? Bí ẹnì kan bá gbá ẹ létí, tó o wá dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tó o na gbogbo àdúgbò, ẹ̀san kọ́ nìyẹn.

Ìdí tòótọ́ kò jìnnà. Owó epo tó wọlé fún Nàìjíríà ní 1983 kò tó ìdajì èyí tó wọlé ní 1980. Ìjọba ti ń sọ fún aráàlú láti 1982 pé kí wọ́n ṣán bẹ́líìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ ò rí owó oṣù gbà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ìbò sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Olóṣèlú tí kò ní nǹkan tó lè fún ọ, á wá nǹkan tó lè gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn níwájú rẹ. Wọ́n ní àwọn àjèjì ló ń jalè, wọ́n ní àwọn ló wà nídìí rúkèrúdò Maitatsine ní Kano àti Maiduguri. Ẹ fi èyí wé ti Busia: gbèsè, àìríṣẹ́ṣe, ìbò, àjèjì. Oògùn kan náà ni wọ́n lò, onísègùn ló yàtọ̀. Ní ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n lé ní 1969, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kumasi tó padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ torí pé wọ́n lé telọ kan kúrò ní Mushin.

Bí wọ́n ṣe lọ tún burú ju tiwa lọ. Rawlings ti ti bọ́dà Gánà pẹ̀lú Tógò pa láti oṣù Kẹsàn-án 1982. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya, Tógò ń bẹ̀rù pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa há sí, ó ti tirẹ̀ pa, Benin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà wá di ẹyọ kan tó parí sí Sẹ̀mẹ̀. Àwọn èèyàn sùn sójú ọ̀nà níbẹ̀, nínú oòrùn, láìsí omi, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, rédíò, bẹ́ẹ̀dì àti ọmọ. Àwọn mìíràn kún èbúté Èkó àti pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí kò dé. Nígbà tó kù ọjọ́ méjì kí ọjọ́ pé ni Gánà ṣí bọ́dà rẹ̀, ọ̀nà sì là. Àpò onílà tí kò wọ́n tó sì gba ẹrù ni ọ̀pọ̀ wọn dì, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn ará Gánà náà ń lò ó o. "Efiewura sua me" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún: onílé, ràn mí lẹ́rù. Ẹ gbọ́ bí àpò kan náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú méjì.

Gánà tí wọ́n sì padà sí yìí, ọ̀dá mú un lọ́dún náà, iná jó igbó àti oko, oúnjẹ ò sí. Eegun ọrùn tó yọ síta láti ara ẹni tí ebi pa, "ẹ̀gbà Rawlings" ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìlú náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 lọ, ó sì gba mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí a bá ń ka ohun tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni èmi máa kọ́kọ́ kà.

Ìjọba Shagari wọlé ìbò oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni àwọn ológun lé òun náà. Àwọn tíṣà ti lọ, kíláàsì ìṣirò ṣófo ní ilé ìwé púpọ̀, bí oko kòkó ti ṣófo lọ́hùn-ún ní 1970. Ní 1985, ìjọba Buhari tún lé ọ̀kẹ́ àìmọye, ọmọ Gánà sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀san ni ti 1983, kó wá sọ ohun tí ti 1985 ń san.

Láti ìgbà náà, wọn ò tún lé ara wọn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò mọ́. Òfin tí Gánà ṣe ní 2013 sọ pé títa ọjà lórí àtẹ di ti ọmọ Gánà nìkan, àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi láàárín 2018 sí 2020. Àwa náà ti bọ́dà pa ní oṣù Kẹjọ 2019, ọjà àwọn ará Gánà jẹrà lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹfà 2020, àwọn kan fi katakata wó ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nínú ọgbà aṣojú ìjọba wa ní Accra, Gánà sì bẹ̀bẹ̀.

Ní oṣù Keje 2025, àwọn kan tún jáde ní Gánà láti ṣe ìwọ́de. Orúkọ tí wọ́n fún un ni "Nigerians must go". Ìjọba wa rán Bianca Ojukwu, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lọ bá Ààrẹ Mahama, òun náà sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu fún ọmọ Nàìjíríà ní Gánà. Ìyàwó Ojukwu ni Bianca, Ojukwu tó lọ jókòó ní Aburi ní 1967.